Ta Ni Àrólé Fágúnwà?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà náà, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo olùkọ́ padà sí. Ọdún mẹ́ta péré ni ọmọ náà lò láyé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jiyàn lórí ohun tí èyí yóò ṣe sí ẹ̀kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, èmi kò sì ní tún iyàn náà jà níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ ogún ni mo fẹ́ fi wò ó. Bí baba kan bá kú, tí ó fi ogún ńlá sílẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì lè ka ìwé ìhágún tí ó kọ, ta ni a óò pè ní àrólé rẹ̀?

Baba tí mo ń wí ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ẹni tí wọ́n bí ní 1903 tí ó sì kú ní oṣù kejìlá ọdún 1963. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ń ṣe nígbà tí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ ìjọba amúnisìn ṣe ìdíje ìwé kíkọ ní 1936. Inú ìdíje yìí ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti yọjú, ilé ìtẹ̀wé C.M.S. sì gbé e jáde ní 1938. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀ lé e ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954, Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Ìtàn àròsọ márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ń ka àwọn ìwé àràmàǹdà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti kọ láti ìgbà náà títí di òní, ó ṣòro kí a tó rin ìrìn díẹ̀ kí a tó bá ìpasẹ̀ ọdẹ Fágúnwà pàdé.

Kí á má ṣe àṣìsọ. Fágúnwà kọ́ ni ó kọ́kọ́ kọ ìtàn àròsọ gígùn ní Yorùbá. I. B. Thomas ti gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930. Ṣùgbọ́n ìtàn ìgboro Èkó ni tirẹ̀, tí ó dà bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Fágúnwà kọ́ ni ó dá iwin àti ẹbọra sílẹ̀. Inú àlọ́ àti ìtàn àwọn ọdẹ ni ó ti bá wọn. Ó mú nínú Bíbélì, ó mú nínú ìwé Bunyan tí àwọn míṣọ́nnárì ti túmọ̀ sí Yorùbá ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún ṣáájú, kò sì fi èyí pamọ́ fún ẹni tí ó bá lójú. Nígbà náà, kí ni ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an?

Ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí iwin máa sọ̀rọ̀ bí aládùúgbò. Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ó ní ẹnu, ó ní ìgbéraga, ó sì mọ bí a ti ń búni. Nígbà tí Ègbin bá dé, Fágúnwà a máa to ìdọ̀tí ara rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ títí òǹkàwé yóò fi fi ọwọ́ bo imú, tí yóò sì tún máa rẹ́rìn-ín. Orúkọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ jẹ́ oríkì kúkúrú: Àkàrà-oògùn, Olóhùn-iyọ̀, Ìmọ̀dòye, Àràmàǹdà-òkùnrin. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ti mọ ìwà wọn kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Ó tún fi ọgbọ́n kan sí i: Àkàrà-oògùn ni ó ń sọ ìtàn náà lẹ́nu, akọ̀wé kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ láti wá gbọ́. Ìwé ni, ṣùgbọ́n ìwé tí ó ń ṣe bí ẹnu.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọlẹ́yìn fi dé. Ní 1956 nìkan, J. Ògúnsínà Ògúndélé gbé Ibú Olókun àti Èjìgbèdè Lọ́nà Ìsálú-Ọ̀run jáde. Ìkan lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, èkejì lọ sí òkè ọ̀run. Ní 1967, D. J. Fátànmí gbé K'órímálẹ̀ nínú Igbó Àdìmúlà tirẹ̀ jáde. Mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Àwọn ìwé wọ̀nyí ní adùn tiwọn, pàápàá ti Ògúndélé, ṣùgbọ́n igbó ni ọ̀pọ̀ wọn rí, wọn kò rí ẹnu. Wọ́n mú ọdẹ, wọ́n mú iwin, wọ́n mú ìwàásù tí Fágúnwà máa ń fi bọ inú ìtàn, wọ́n tún wá fi kún ìwàásù náà. Bí ọmọ kò bá jọ ṣòkòtò yóò jọ kíjìpá, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wọ ṣòkòtò baba rẹ̀ tí ó ń wọ́ nílẹ̀ kò tíì jọ baba. Láàárín ìgbà kan náà, àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá mìíràn ti ń kúrò nínú igbó. Délànọ̀ kọ Aiyé d'Aiyé Òyìnbó ní 1955, Fẹ́mi Jẹ́bọ̀dà kọ Olówólayémọ̀ ní 1964, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí sì mú ọlọ́pàá àti olè wọ inú ìtàn pẹ̀lú Àjà Ló Lẹrù ní 1969. Láti ìgbà náà, ìtàn ìgbé ayé ojoojúmọ́ ni ó gba iwájú nínú ìtàn àròsọ Yorùbá.

Níbo wá ni igbó náà lọ? Ó lọ sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn, ibẹ̀ náà ni ó sì ti nira.

Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1920, kò ka ìwé ju ọdún mẹ́fà lọ. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì wá di ońṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ The Palm-Wine Drinkard tí ilé iṣẹ́ Faber tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Díẹ̀ ni ó mọ̀ pé kì í ṣe ìwé tí ó kọ́kọ́ kọ nìyẹn. Èyí tí ó ṣáájú, tí a kò tẹ̀ títí di 1982, ni The Wild Hunter in the Bush of the Ghosts. Ẹ wo àkọlé náà dáradára: ògbójú ọdẹ, nínú igbó, igbó iwin. Bí a bá ní kí ọmọ ilé-ìwé tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀ túmọ̀ àkọlé Fágúnwà, kò ní jìnnà sí èyí. Mi ò rò pé a nílò ẹlẹ́rìí mìíràn.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ti tìtorí èyí pe Tutùọlá ní olè. Mi ò fara mọ́ wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà tí ó ń padà lọ sí igbó, tí ó ń dá ẹ̀yà ara tí ó háyà padà fún àwọn onílé lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ó fi ku agbárí nìkan, kì í ṣe ti Fágúnwà, kì í sì í ṣe ti Tutùọlá. Ìyá àgbà ni ó ni ín. Àwọn méjèèjì bu omi nínú odò kan náà. Ohun tí Tutùọlá rí gbà lọ́wọ́ Fágúnwà ni ìgboyà, ìyẹn ni pé a lè so ọgọ́rùn-ún àlọ́ mọ́ ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò kan ṣoṣo, kí ó sì di ìwé. Ohun tí ó sì fi kún un kò sí nínú ti Fágúnwà rárá. Fágúnwà jẹ́ olùkọ́, ó sì jẹ́ Kristẹni tí kò lè rí iwin kí ó má fi kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Tutùọlá kò wàásù. Ó kàn ń ròyìn ohun tí ó rí, ó sì ń fi iye owó, iye wákàtí àti iye máìlì sí i bí akọ̀wé ọ́fíìsì. Ọ̀mùtí rẹ̀ kò wá ọgbọ́n lọ sí ìlú òkú. Adẹ́mu rẹ̀ tí ó kú ni ó ń wá lọ.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi kọ ọ́ ni ó dá ìjà sílẹ̀. Dylan Thomas, akéwì ilẹ̀ Wales, yìn ín nínú ìwé ìròyìn The Observer ní 1952, àwọn òyìnbó sì ń gba ìwé náà bí ẹni gba akara gbígbóná. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa nílé bínú. Wọ́n ní ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì jágajàga dójú ti aláwọ̀ dúdú. Kò yé wọn nígbà náà pé Yorùbá ni ọkùnrin náà ń sọ, aṣọ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kàn gbé wọ̀ ọ́. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìwé náà di eré orí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, tí ó pe ọ̀mùtí náà ní Lánkẹ́, tí ó sì fi Yorùbá, orin àti ijó ṣe é, kò sí ẹni tí ó tún sọ̀rọ̀ jágajàga mọ́. Èdè tí ó ń dún bí àṣìsọ ní Lọ́ńdọ̀nù ti padà sí ilé rẹ̀. Nínú gbogbo ìtàn ipa Fágúnwà, èyí nìkan ni mo mọ̀ tí ogún náà ti jáde nílé gba ẹnu òyìnbó, tí ó sì tún padà wọlé kí ó tó di aláìmọ́lé.

Wọlé Ṣóyínká gba ọ̀nà mìíràn. Ó ti kó iwin àti igbó sínú eré rẹ̀ A Dance of the Forests tí ó ṣe fún òmìnira ní 1960, ṣùgbọ́n ní 1968 ni ó kọjú sí Fágúnwà gan-an, tí ó túmọ̀ ìwé àkọ́kọ́ sí The Forest of a Thousand Daemons. Àtìmọ́lé ogun abẹ́lé ni ó wà nígbà tí ìwé náà jáde. Ìtúmọ̀ tí ó dára púpọ̀ ni, mo sì máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n kà á. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kà á lẹ́yìn ti Fágúnwà, kì í ṣe ní ipò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo àkọlé náà nìkan. Àwọn àgbà sọ pé irinwó ni irún tí ó wà nínú irúnmalẹ̀. Ṣóyínká sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún, nítorí pé ẹgbẹ̀rún ni ó ń dún létí Gẹ̀ẹ́sì bí ohun tí kò lóǹkà. Ní ti imalẹ̀, ó yẹra fún ọ̀rọ̀ tí àwọn oníwàásù fi ń pe ẹ̀mí búburú, ó mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì àtijọ́ tí ó lè jẹ́ ẹ̀mí rere tàbí búburú. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ Àgbákò wà bẹ́ẹ̀ bí Agbako, láìsí ohùn, láìsí ìtumọ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó gbọ́ orúkọ yìí ti gbọ́ àgbákò, ìyẹn ibi tí ènìyàn kò retí; ọmọ Lọ́ńdọ̀nù gbọ́ orúkọ àjèjì kan. Kò sí ògbufọ̀ tí ó lè ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì dá a lẹ́bi. Dàpọ̀ Adéníyì túmọ̀ Ìrìnkèrindò ní 1994, Ṣóyínká tún padà wá túmọ̀ Igbó Olódùmarè ní 2010. Ẹ̀rí ni pé omi náà kò gbẹ.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ju ìtúmọ̀ lọ ni FESTAC. Ní 1977, nígbà tí gbogbo aláwọ̀ dúdú àgbáyé péjọ sí Èkó láti fi àṣà wọn hàn, eré tí Nàìjíríà gbé síwájú ni Langbodo, èyí tí Wálé Ògúnyẹmí mú jáde láti inú Ògbójú Ọdẹ. Àwọn ọdẹ tí ó ń lọ sí Òkè Lángbòdó ti di àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè kan tí wọ́n ń wá àlàáfíà. Ìran ńlá ni. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọdẹ Fágúnwà ń sọ níbi àjọ̀dún àṣà. Mo mọ ìdí rẹ̀: orílẹ̀-èdè tí ó ní èdè púpọ̀ ni wa, àlejò sì pọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, a kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Láti ibẹ̀, ogún náà rin jìnnà. Ní 1981, Brian Eno àti David Byrne fún àwo orin wọn ní orúkọ My Life in the Bush of Ghosts, àkọlé ìwé kejì tí Faber tẹ̀ fún Tutùọlá ní 1954. Ní 1991, Ben Okri gba ẹ̀bùn Booker fún The Famished Road, ìtàn ọmọ àbíkú kan tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè padà. Okri kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àbíkú àti ọ̀nà tí iwin ń gbà wọ inú ilé ọtí nínú ìwé rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti ka Tutùọlá. Ní 2018 sì ni Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, gbé Children of Blood and Bone jáde, tí àwọn ọ̀dọ́ rọ́ lọ rà káàkiri àgbáyé. Òrìṣà kún inú rẹ̀. N kò sọ pé Fágúnwà ni ó kọ́ ọ. Ìran tirẹ̀ ní àwọn olùkọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibi tí Yorùbá ti ń dún nínú ìwé náà. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pe agbára ni wọ́n ń fọ Yorùbá; bí wọ́n bá fẹ́ jà, kí wọ́n fẹ́ra, kí wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Èdè wa ti di èdè ọfọ̀. Ọ̀wọ̀ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n òkúta lè wà lórí pẹpẹ kí a máa bọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a sọ̀rọ̀. Nínú Fágúnwà, èdè tí Àkàrà-oògùn fi pe ọfọ̀ náà ni ó fi ra iṣu, òun náà ni ìyàwó fi ń bá ọkọ wí.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi mí pé nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ, ta ni ó jogún rẹ̀ ní tòótọ́, n óò dárúkọ iṣẹ́ kan tí kò sí ọdẹ nínú rẹ̀ rárá. Saworoidẹ ni, fíìmù tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ tí Túndé Kèlání sì darí ní 1999. Nínú ìlú Jogbo, májẹ̀mú wà láàárín ọba, adé àti ìlù. Ọba tí kò bá jẹ májẹ̀mú náà tí ó dé adé, bí wọ́n bá lu saworo idẹ, orí fífọ́ ni yóò pa á. Ohun àràmàǹdà kan ṣoṣo ni èyí, kò sì ju ìlù lọ. Ṣùgbọ́n ó gbé ẹrù gbogbo ìlú: àwọn agégẹdú, àwọn ìjòyè tí ń gba rìbá, ológun tí ó gba adé, àwọn ọ̀dọ́ tí ó dìtẹ̀. Ẹni tí ó wò ó ní 1999, tí ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ kógbá sílé, kò nílò kí a ṣàlàyé fún un. Ìṣọ̀lá kò ya igbó Fágúnwà, ṣùgbọ́n ó rí ohun tí igbó náà wà fún. Àwọn méje tí ọba rán lọ sí Òkè Lángbòdó kò lọ pa ẹran. Ire ìlú ni wọ́n ń wá. Ó sì ṣe é ní Yorùbá tí ó ní òwe, ẹ̀fẹ̀ àti ẹ̀gún, tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ní àdúgbò.

Lónìí, orí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni àràmàǹdà wa ń gbé jù. Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde lórí Netflix ní 2022 jẹ́ ìtàn Sàró, ahunṣọ tí ó kú tí ẹyẹ àkàlà sì jí, tí ó wá jí ẹyẹ náà ní agbára àjíǹde. Àlọ́ ni. Yorùbá ni wọ́n sọ jù nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn tí kò gbọ́ ọ sì ń wò ó ní ilẹ̀ òkèèrè. Ó yẹ kí a dúpẹ́. Àmọ́ ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó jókòó síwájú rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́. Etí rẹ̀ ń gbọ́ Yorùbá, ojú rẹ̀ ń ka Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣòro, ìsàlẹ̀ ni yóò wò. Bí a bá gbé Igbó Olódùmarè lé ọmọ yìí lọ́wọ́ ní ọ̀la, kò sí ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀.

Èyí ni ó mú mi padà sórí ìkéde 2025. Àwọn tí ó ṣe é sọ pé èdè abínibí ń fa àwọn ọmọ sẹ́yìn nínú ìdánwò. Ní 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àbájáde yìí wà ní àkọsílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ gbà pé ìlànà náà kò ní padà láìpẹ́, ìdánwò nìkan ni ìjọba lè pàṣẹ èdè rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ojú-ìwé yìí, ẹ rántí bí Fágúnwà ti to ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀. Kò retí pé olúkúlùkù yóò ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹnì kan ń sọ, àwọn yòókù ń gbọ́, wọ́n sì lọ sílé pẹ̀lú ìlérí pé àwọn yóò padà ní ọ̀la. Ẹ̀dà kan tó kíláàsì kan. Kí olùkọ́ ka ojú-ìwé mẹ́rin tàbí márùn-ún sókè ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ní ohùn tí ó yẹ, kí ó sì dúró ní ibi tí Àgbákò ti ń bọ̀.